Tẹlifíṣọ̀n Wo La Ó Rà fún Ìtẹ́olúwa?

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
24 oṣù Kejì, 2025

Fèyíkẹ́mi, Àkànkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí òtútù ìlú yẹn pé kó rọra ṣe ọmọ mi. A wà níbí. Bàbá rẹ ṣì ń wa ọkọ̀ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Orúnkún ń dùn ún, ó ní kò dun òun. Èmi náà wà ní ọjà Akẹ̀sán nídìí ìlẹ̀kẹ̀ mi. Má bínú pé ìwé ni mo tún kọ, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, bí mo bá ti ń débi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wàá ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Ìwé ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó lè já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹrù tí o fi rán Jayéọlá, ọmọ ìjọ wa tó wálé láti ọ̀dọ̀ yín, ti dé. Nígbà tí mo tú u tí mo rí ẹ̀rọ géèmù méjì nínú rẹ̀, inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo ní ṣé ohun tí àbúrò rẹ nílò nìyí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó jáde ilé ẹ̀kọ́ tí kò ríṣẹ́? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbìmọ̀ pọ̀, èmi ìyá yín lẹ wá sọ di aláàárù yín.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ṣọ́ọ̀bù náà. Àbúrò rẹ gba ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń kọjá lọ́pọ̀lọpọ̀ bí eṣú. Àwọn ọ̀dọ́ á máa wá sanwó gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù níbẹ̀. Ó ti kùn ún ní búlúù. Ó ti gbé bánà kọ́ síta pé ìdíje ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, orúkọ sì ti ń wọlé. Fèyíkẹ́mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù, wàá ti fura sí i. Shamsudeen ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun fẹ́ gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, ó sì ń pè é pé káwọn jọ lọ. Ìtẹ́olúwa wojú mi, ó ní, "Màámi, bí ṣọ́ọ̀bù yìí bá yọrí, mo jókòó sílé. Bí kò bá yọrí, ẹ má dá mi dúró." Àtọjọ́ yẹn ni oorun ti ń ṣe ségesège lójú mi. Ṣọ́ọ̀bù yìí gbọ́dọ̀ yọrí.

Tẹlifíṣọ̀n ló kù, èmi lo sì ní kí n di owó rẹ̀ mú. A lọ sọ́dọ̀ Àlàmú tó ń tà á níbẹ̀. Ọmọ mi, mo rí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹyẹ aláràbarà kan ń fò nínú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọwọ́ sí ìyẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní 4K nìyẹn, ínṣì márùndínlọ́gọ́ta. Òmíràn wà tí wọ́n pè ní Full HD, òmíràn tún wà tó jẹ́ HD lásán. Àbúrò rẹ ní 4K ni òun ń fẹ́. Àlàmú ní ìyẹn ni ayé ń rà. Bàbá rẹ ní gbogbo wọn náà ló ń sọ ìròyìn. Èwo ni kí n gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀? Kí ni àwọn nọ́ńbà yìí? Ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń bá ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá sọ̀rọ̀, má fi gẹ̀ẹ́sì dà mí láàmú.

Èmi ni,
Màámi rẹ.


Leeds,
2 oṣù Kẹta, 2025

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ilé. Ẹ sọ fún Bàbá pé orúnkún tí kò dun èèyàn kì í jẹ́ kó máa di ògiri mú dìde. Kí wọ́n lọ rí dókítà. Mi ò sọ ti géèmù fún yín tẹ́lẹ̀ torí mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n fi aṣọ rọ́pò rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín. Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó jókòó tì mí fi sún síwájú.

Màámi, ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn nọ́ńbà yẹn. Àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀, bí ẹ ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ ìyàwó. Tí ẹyọ rẹ̀ bá tóbi tí kò sì pọ̀, òdòdó tí ẹ fẹ́ fi ṣe á rí jágajàga. Tó bá wẹ́ tó sì pọ̀, ìtànná rẹ̀ á hàn. HD lásán, ẹsẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ 720 ló wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Full HD ní 1080. 4K ní 2160.

Ẹ máa ní kí ló dé tí a ò ra èyí tó pọ̀ jù. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tí mo rán ló ń ya àwòrán géèmù, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. PS4 ni, ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́jà, agbára rẹ̀ kò ju 1080 lọ. Bí ẹ bá so ó mọ́ 4K, 1080 náà ni yóò gbé jáde, tẹlifíṣọ̀n á kàn nà án kó lè kún ojú rẹ̀. Ti 720 náà kò sì ní dáa. Mo rí fọ́tò ṣọ́ọ̀bù náà, ó tóóró, bẹ́ǹṣì máa sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn á rí jágajàga yẹn kedere. Full HD ni kí ẹ rà, ínṣì mẹ́tàlélógójì, kí ẹ ra méjì. Ẹ̀rọ méjì ni mo rán. Tí tẹlifíṣọ̀n bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ kan á jókòó lásán, èrò á sì máa dúró síta.

Ohun kan tún wà. Tẹlifíṣọ̀n míì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ á ti tẹ páàdì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dì mú gbá géèmù, tán kó tó gbọ́ràn. Kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Ẹni tó ń wo fíìmù ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n góòlù ti lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí Ìtẹ́ wo inú rẹ̀ bóyá ó ní ibi tí wọ́n kọ Game Mode sí. Ìyẹn ló ń mú kó tètè gbọ́.

Ẹ ò béèrè mi o, ṣùgbọ́n mo wà dáadáa.

Ọmọ yín,
Fèyíkẹ́mi.


Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
10 oṣù Kẹta, 2025

Fèyíkẹ́mi,

O ní mi ò béèrè rẹ. Ta wá ni mò ń gbààwẹ̀ fún ní gbogbo Ọjọ́rú? Mo kí ọ ná.

Ìwé rẹ yé mi yékéyéké, ìlẹ̀kẹ̀ kò lè rú mi lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á fún àbúrò rẹ, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ìwọ wà ní Leeds tí ò ń wo 4K, òun tó wà nílé ni kó máa fi ìdajì ṣe é. Ó ní àtikékeré ni o ti ń ka òun sí ọmọ tí nǹkan àjẹkù tó fún. Mo ní kì í ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí nìyẹn. Ó ní, "Màámi, mo ti kọ 4K sí bánà. Gbogbo Tákìé ti rí i. Ṣé kí n wá gbé aṣọ bò ó ni?" Ó dìde nídìí oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ Líbíà tún wọlé. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ bí ọ̀nà Kánò ṣe rí, bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀.

Mo gbé e lọ sílé àdúrà. Ìwọ náà mọ̀ pé ní ìjọ Aládùúrà tiwa, a kì í dédé ra nǹkan ńlá. Lọ́jọ́rú, Ẹ̀mí gbé Ìyá Àdúrà Victoria, ó ní òun rí fèrèsé kan tó fẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde sójú pópó, àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ níwájú rẹ̀, ayọ̀ ń bẹ láàárín wọn. Kí ni fèrèsé tó fẹ̀, tó ń tan ìmọ́lẹ̀, bí kì í bá ṣe tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yẹn? Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Mi ò dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ dáadáa, mo ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti san àsansílẹ̀ lórí 4K. Àlàmú ní kí a wá parí owó kó tó di ìparí oṣù, ká wá gbé e.

Àbúrò rẹ dì mọ́ mi láàárín ọjà. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ìran ju nọ́ńbà lọ.

Màámi rẹ.


Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
24 oṣù Kẹta, 2025

Fèyíkẹ́mi, ọmọ mi,

Mo kí ọ títí. O ò fèsì. Mo rí i lórí fóònù pé o ti ka ìwé mi, àmì búlúù méjèèjì wà níbẹ̀. Mo pè ọ́, ó ń dún, o ò gbé e. Ṣé ara rẹ le? Ṣé wọ́n lé ọ níṣẹ́ ni? Àbí èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́?

Nǹkan ò rí bí mo ṣe rò. Àbúrò rẹ ti fi okùn wọn ara ògiri. Tí a bá gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá náà wọlé, ibi tí bẹ́ǹṣì ẹyọ kan máa gbà ló kù, àwọn tó bá ń gbá á á sì máa yí ọrùn bí ẹni ń wo òrùlé ilé alájà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa kò sì dájú pé yóò gbé e. Àbúrò rẹ ti ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú, kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀, ó ń ronú bí ẹyọ kan ṣe máa tó wọn. Shamsudeen sì ti ta ọ̀kadà rẹ̀, ó ní lẹ́yìn Àjíǹde ni òun ń lọ. Ó sọ ọ́ lójú mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Tí o bá ń bá mi jà, bá mi jà lójú ìwé. Dídákẹ́ rẹ ni mi ò lè fara dà. Ọmọ kan ní Leeds tí kò sọ̀rọ̀, ọmọ kan nílé tí ń bèèrè ọ̀nà Kánò.

Màámi rẹ.


Leeds,
27 oṣù Kẹta, 2025

Màámi mi,

Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn. Ara mi le. Inú ló bí mi. Mo ronú ohun tí mo kọ dáadáa, fèrèsé kan ló wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo kọ èsì sí yín, mo pa á rẹ́, torí kò yẹ kí ọmọ sọ irú rẹ̀ síyàá rẹ̀.

Ẹ ka ibi yìí fún Ìtẹ́: Ìtẹ́olúwa, mi ò wo 4K rí nínú yàrá mi. Tẹlifíṣọ̀n tí mo ní, ẹni tó gbé ibí kó tó kó jáde ló fi í sílẹ̀, ó kéré ju fèrèsé ilé ìdáná wa lọ. Bí mo bá dé láti ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo máa ń sùn lọ níwájú rẹ̀. Mi ò kà ọ́ sí ẹni tí ìdajì tọ́ sí. Ohun tí yóò mú kí èèyàn yà wò ṣọ́ọ̀bù rẹ lẹ́ẹ̀kan ni 4K. Ohun tí mò ń wá fún ọ ni èyí tí wọ́n á fi padà wá lọ́jọ́ kejì.

Màámi, ohun méjì ni mo bẹ̀ yín. Ìkíní, mi ò bá ìran jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ bi Ìyá Àdúrà bóyá wọ́n dárúkọ tẹlifíṣọ̀n. Ìkejì, kí ẹ tó parí owó, ẹ gbé ẹ̀rọ géèmù lọ sọ́dọ̀ Àlàmú. Ẹyẹ tí ẹ rí yẹn, àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ló ya fídíò rẹ̀ kó lè mú ojú yín. Kó yọ ẹyẹ kúrò. Kí Ìtẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí 4K, kó tún gbá a lórí Full HD. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ 4K, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ kọ̀wé kíákíá, ọkàn mi ò balẹ̀ níbi iṣẹ́.

Fèyíkẹ́mi yín.


Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́,
7 oṣù Kẹrin, 2025

Àkànkẹ́ mi, ọlọ́gbọ́n ọmọ,

Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ, nítorí náà bí ó bá rí gbágungbàgun, fara mọ́ ọn. O kú iṣẹ́ o, o kú àfaradà wa.

Mo kọ́kọ́ lọ bi Ìyá Àdúrà Victoria. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé, ó pe orúkọ mi. "Comfort, fèrèsé ni mo rí, fèrèsé ni mo wí. Ta ló sọ tẹlifíṣọ̀n fún ọ?" Ṣé o wá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yìí kò ní fèrèsé lóòótọ́? Ooru ibẹ̀ tó ooru inú ààrò. Bàbá rẹ ti mú bíríkìlà wá, wọ́n ti dá fèrèsé sí apá ibi tó kọjú sí títì.

Lẹ́yìn náà la kó lọ sọ́dọ̀ Àlàmú: èmi, bàbá rẹ, Ìtẹ́olúwa tó fajú ro, àti Shamsudeen tó ní òun ń bọ̀ wá wòran. Àlàmú béèrè bóyá a wá rajà ni àbí a wá ṣeré. Bàbá rẹ rán an létí pé òun ni òun ń bá a kó ẹrù láti Ọ̀yọ́, kò sì tíì fọ́ gíláàsì kankan mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ló bá yọ ẹyẹ kúrò.

Wọ́n so géèmù mọ́ 4K. Fèyíkẹ́mi, ó fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ìtànná ẹyẹ yẹn mọ́. Ìtẹ́olúwa àti Shamsudeen bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á jáde nígbà tí ẹni tó gbé e ti kọjá. Ẹni tó fẹ́ gbá a sílé, aṣọ́lé á ti gbé e kó tó ju ẹsẹ̀. Àbúrò rẹ ní páàdì ló bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ páàdì. Bákan náà ni. Kò sẹ́ni tó jẹ góòlù kan. Wọ́n wá Game Mode nínú rẹ̀ títí, kò sí. Shamsudeen gan-an tó wá wòran ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ìtẹ́, tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí dà bí bàbá àgbà tí wọ́n ń pè láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wá bàtà ná."

Wọ́n wá so ó mọ́ Full HD. Game Mode wà nínú rẹ̀, wọ́n tàn án. Ọmọ mi, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹsẹ̀ ń lọ. Ìtẹ́olúwa jẹ, Shamsudeen dá a padà, Ìtẹ́olúwa tún jẹ, àwọn tó ń kọjá lọ yà wọlé, Àlàmú gbàgbé oníbàárà tó dúró tì í. Èmi fúnra mi dìde. Mi ò mọ ta ni mò ń kígbe fún.

Nígbà tó parí, àbúrò rẹ ní kí wọ́n tún so ó mọ́ ti ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sún mọ́ ọn, ó wo ojú agbábọ́ọ̀lù kan fínnífínní. Ó padà sí ti kékeré, ó tún wò. Mo fẹ́ la ẹnu, bàbá rẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá yíjú sí Àlàmú.

"Ẹ bá mi gbé Full HD méjì. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́."

Àlàmú yọ àsansílẹ̀ wa nínú owó rẹ̀. Àbúrò rẹ sì ti kun 4K rẹ́ lára bánà. TẸLIFÍṢỌ̀N MÉJÌ, KÒ SÍ ÌDÚRÓ, ohun tó kọ rọ́pò rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n kí ọ, ó ń tijú láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Shamsudeen ṣì ní òun ń lọ o. Mò ń gbàdúrà sí ìyẹn náà.

Màámi rẹ tí ohùn rẹ̀ há.


Leeds,
9 oṣù Kẹrin, 2025

Màámi,

Ẹ kú orí ire. Níbi iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún arúgbó tí mò ń tọ́jú. Ẹ̀yìn Ìtẹ́ ló wà báyìí. Ó ní kí n máa wí fún òun bó ṣe ń lọ.

Ẹ sọ fún Ìtẹ́ pé kó má tijú mi. Kó rí i pé bẹ́ǹṣì ò sún mọ́ ọn jù, kó má sì gbé tẹlifíṣọ̀n kọjú sí fèrèsé Ìyá Àdúrà, oòrùn á pa àwòrán rẹ́. Mo ti gba àyè ìsinmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà kí n lè máa gbọ́ ìròyìn. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín ní iná.

Màámi, ẹ má bi í nípa Líbíà. Ẹ jẹ́ kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Fèyíkẹ́mi yín.


Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́,
22 oṣù Kẹrin, 2025

Fèyíkẹ́mi, Àkànkẹ́,

O kú ọdún Àjíǹde. Mo mọ̀ pé fóònù mi kú lánàá láàárín ọ̀sán, má bú mi. Èmi ni mò ń ya fídíò títí tí iná rẹ̀ fi tán.

Wọ́n wá o. Inú ṣọ́ọ̀bù kún, iwájú rẹ̀ kún, àwọn tí kò ráyè wọlé ń wò láti ojú fèrèsé. Tábìlì méjì la yá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí gbé tẹlifíṣọ̀n lé. Nígbà tó ku èèyàn mẹ́rin, wọ́n mú iná lọ, gbogbo ilé hó. Bàbá rẹ fa jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó sì gbé méjèèjì láìkọ́. Ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, ọmọbìnrin ni: Ànúolúwa, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní ojúlé kejì. Ó lu akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ń dánnu látàárọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà sí kíláàsì." Èmi tí mo bú ọ torí géèmù, èmi ni mo gbé e ró sókè.

Mi ò bi àbúrò rẹ ní nǹkan kan, bí o ṣe wí. Àlejò ń kọjá, wọ́n ń bi í bóyá ó máa ṣí lọ́la, ó ń dáhùn, mò ń tẹ́tí, kò sì sí ohun tó tọ́ka síbì kan.

Láàárọ̀ yìí, a fẹ́ dá tábìlì ṣọ́ọ̀ṣì padà. Shamsudeen wá ràn wá lọ́wọ́. Ó ní kí Ìtẹ́olúwa wá tábìlì fúyẹ́fúyẹ́ kan rà, èyí tó máa ṣeé tà kíákíá lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo dúró, mo di ìgbálẹ̀ mú, mi ò wẹ̀yìn.

Ìtẹ́olúwa ní, "Mi ò ra tábìlì. Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀. Ògiri ni mò ń kàn wọ́n mọ́."

Ó ti ra irin rẹ̀, ó ti yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri. Ó wọn ibẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó gun àkàbà. Shamsudeen wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló di àkàbà mú fún un.

Fèyíkẹ́mi, ẹni tó fẹ́ lọ kì í lu ògiri. Ariwo ẹ̀rọ yẹn pọ̀, àwọn aládùúgbò ń ráhùn, eruku bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ rẹ̀, mi ò gbọn ọ̀kankan dànù.

Màámi rẹ.